Ọjọ́ Tí Kátíkátì Lọ Gbé Ìyàwó ní Banigbé

Kò sẹ́ni tí kò ní ibi tó ń yún un. Ẹlòmíràn, ẹmu ni. Ẹlòmíràn, ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni, kò lè gbọ́ ọ kó má dá sí i. Ti Cyprien, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ifangni, ẹnu ni. Bí Cyprien bá ra abẹ́rẹ́ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán gbogbo ìlú á ti gbọ́ pé ó ra irin. Bí ó bá pa eku lóko, kó tó gbé e délé, eku á ti hu ìwo. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Cyprien kò dúró lẹ́rẹ̀kẹ́ o. Ọ̀ràn náà sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé orúnkún, ẹ óò sì gbọ́ bó ṣe débẹ̀.

Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́, àmọ́ ọmọ dáadáa ni. Ó ń kí àgbà, kì í jalè, kì í wo ìyàwó oníyàwó. Ṣùgbọ́n bó bá ti la ẹnu báyìí, ẹ yáa wá nǹkan dì mú.

Ayé kámáráàdì ni, ayé ìjọba ìyípadà. Ìgbà náà ni gbogbo wa di kámáráàdì ara wa, títí dórí ẹni tó jẹ wá ní gbèsè tí kò fẹ́ san. Bí ènìyàn bá pàdé rẹ lójú ọ̀nà, kò ní kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè ọmọ. Á ní, "Ṣé o ti múra fún ìyípadà?" Ìwọ náà á ní, "Ìjàkadì ń tẹ̀síwájú." Lẹ́yìn náà lẹ tó máa wá kí ara yín bí ọmọ ènìyàn.

Bàbá Cyprien, tó jẹ́ olùkọ́ kó tó kú, fi ọkọ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún un, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní dẹ̀ṣẹfó, ìyẹn ni pé ẹlẹ́ṣin méjì. Ẹ mọ̀ ọ́n. Agboòrùn tí wọ́n de táyà mọ́ nídìí ni. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ìdajì fèrèsé rẹ̀ ni ó ń ká sókè, bó bá sì ń lọ, á máa jó. Bàbá náà fi í lọ Àjàṣẹ́, ó fi í lọ Pọ̀bẹ́, ó fi í kó àgbàdo, ó fi í gbé aboyún lọ ilé ìgbẹ̀bí lóru àti lọ́sàn-án. Kò já a kulẹ̀ rí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn òyìnbó kan tó ń ṣètò ọ̀pẹ lágbègbè wa parí iṣẹ́ wọn, wọ́n sì lu ọkọ̀ wọn ní gbàǹjo. Cyprien gbọ́. Oorun kò kùn ún mọ́. Ó ta dẹ̀ṣẹfó bàbá rẹ̀ fún Pọ́ọ̀lù katikíìsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé lọ́wọ́ bàbá yẹn kan náà, ó da owó náà pọ̀ mọ́ èyí tó ti ń tọ́jú, ó sì lọ ra kátíkátì.

Kátíkátì ni ọkọ̀ gíga tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ilẹ̀. Ọkọ̀ yòókù, ẹsẹ̀ méjì ló ń ṣiṣẹ́, méjì yòókù kàn ń bá wọn rìn ni. Ti Cyprien yìí ga débi pé ìyá rẹ̀ gbé àpótí ìdáná wá síta kó tó lè wọ̀ ọ́. Ọ̀pá méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀: gígùn kan tí wọ́n fi ń yí jíà, àti kúkúrú kan nítòsí rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ fẹ́ ṣàlàyé ti kúkúrú fún un, Cyprien sì dá a dúró.

"Kámáráàdì, ìgbà tí ẹ̀yin ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lèmi ti ń wa mọ́tò. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi."

Ọkùnrin náà fún un ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí Cyprien délé, tí àwọn ènìyàn ń bi í pé kí ni ọ̀pá kúkúrú yìí wà fún, kò jẹ́ sọ pé òun kò mọ̀. Ó ní, "Sípíà ni. Bí ńlá bá dá, màá bá kékeré lọ." Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n fi òwú pupa hun fìlà fún un, kí eruku má bàa bà á. Bí ọ̀pá tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ṣe di ọmọ tí wọ́n dé fìlà fún nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, dẹ̀ṣẹfó kò lè kọjá lójú Cyprien láìgba èébú. Lọ́jọ́ kan, Pọ́ọ̀lù ń fọ ọkọ̀ náà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ọ́fíìsì, Jẹ́láàní àgbẹ̀, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, jókòó tì í, ó ń bó ọsàn. Cyprien fi kátíkátì dúró gìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, eruku sì bo ohun tí Pọ́ọ̀lù ti fọ̀.

"Pọ́ọ̀lù, o ò tíì fi nǹkan yìí ṣe ilé adìyẹ? Bí ọmọdé bá ní táyà bí àgbà, kò lè ní agbára bí àgbà."

"Ọkọ̀ bàbá rẹ ni, Cyprien."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àánú rẹ̀ fi ń ṣe mí. Ẹṣin méjì péré. Wo tèmi, ẹsẹ̀ mẹ́rin."

Pọ́ọ̀lù fún omi aṣọ tó fi ń nu ọkọ̀. Kì í yára sọ̀rọ̀. "Jẹ́láàní, ẹṣin méjì, ẹsẹ̀ mélòó ni wọ́n ní?"

Jẹ́láàní ti ọsàn sẹ́nu. "Mẹ́jọ."

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni Pọ́ọ̀lù wí, ó sì padà sídìí táyà tó ń fọ̀.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lábẹ́ máńgòrò yẹn, wọ́n gbọ́ ọ dé Tchaada. Ó dun Cyprien. Ó wakọ̀ lọ, ó sì fi í sọ́kàn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo ayé máa rí ìyàtọ̀ láàárín ẹsẹ̀ àti ẹṣin.

Ọjọ́ tó sì mú ni ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Fúnláyọ̀ aránṣọ, ọmọ Ifátóòkí ní Banigbé, ni ó fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìfẹ́ ọmọ yìí wọ Cyprien lára débi pé bí Fúnláyọ̀ bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń dákẹ́. Ẹni tó bá mọ Cyprien ni yóò mọ bí ìyẹn ti tó. Fúnláyọ̀ náà fẹ́ràn rẹ̀, ó ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà dẹ̀ṣẹfó. Ó tiẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Nínú kékeré yẹn, mo máa ń gbọ́ ohun tí o ń sọ. Nínú èyí, ó dà bí ẹni pé o wà ní Kútọnu, èmi sì wà ní Banigbé." Cyprien rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń yin kátíkátì ni.

Ilé Ifátóòkí ní èèwọ̀ kan. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin wọn bá ń lọ ilé ọkọ, láti ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ fọwọ́ gbé e. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi omi ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọkọ. Bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá yẹ̀, wọn á mú ìyàwó padà sílé, ó di àmọ́dún nìyẹn, lẹ́yìn ìkórè. Lọ́dún tó ṣáájú, àgbàlagbà kan kú nínú ilé wọn, wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ọdún kan sí i, Cyprien kò lè fara dà á.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ èèwọ̀ yìí fún un, ó fẹ́ fi hàn wọ́n pé òun kàwé. "Bàbá, ìwà ayé àtijọ́ nìyí. Ìyípadà ti dé. Ẹ ò gbọ́ rédíò ni?"

Ifátóòkí fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Kámáráàdì ọkọ ọmọ mi, ṣé o fẹ́ ẹ ni àbí o ò fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, bàbá."

"Ó dáa. Jẹ́ kí Pọ́ọ̀lù wá fi dẹ̀ṣẹfó gbé e. Ọkọ̀ yẹn ló gbé ìyá rẹ̀ lọ ilé ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ tó fẹ́ bí i. Ó mọ ọ̀nà wa."

Ara Cyprien bù máṣọ. "Ẹlẹ́ṣin méjì? Kí ó wá gbé ìyàwó èmi Cyprien? Rárá o. Bàbá, ọkọ̀ là ń wò kí á tó fi ọmọ fún ọkọ. Ẹ jẹ́ kí dẹ̀ṣẹfó ru ìkòkò bọ̀ lẹ́yìn, èmi fúnra mi ni màá fi kátíkátì gbé Fúnláyọ̀."

Ọjọ́ pé. Òjò ti rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n oòrùn yọ lọ́jọ́ náà. Cyprien dé Banigbé nínú aṣọ funfun báláú, bàtà rẹ̀ ń dán. Wọ́n tẹ́ ẹní láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ọkọ̀, Fúnláyọ̀ rìn lórí ẹní, ó gun orí àpótí, ó sì bọ́ sẹ́yìn kátíkátì láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ìyá Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n Ifátóòkí, ni wọ́n yàn láti sin ìyàwó. Àgbà kì í jókòó lẹ́yìn, iwájú ni wọ́n fi í sí. Ìyá yìí sanra, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún. Nígbà tí wọ́n tì í wọlé tán, ọ̀pá kúkúrú onífìlà pupa ti há sí ìhà rẹ̀.

"Cyprien, kí ló ń gún mi yìí?"

"Sípíà ni, màmá. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Kátíkátì ṣáájú, Pọ́ọ̀lù ru ìkòkò àti abọ́ tẹ̀ lé e, ọkọ̀ kékeré náà ń jó bọ̀. Wọn ò tíì lọ jìnnà tí wọ́n fi dé oríta. Ọ̀tún ni ọ̀nà ńlá, pupa, ó le, ó kàn yí ká díẹ̀ ni. Òsì ni ọ̀nà àwọn àgbẹ̀, tó gba inú àbàtà kọjá. Lásìkò òjò, kẹ̀kẹ́ pàápàá máa ń bẹ Ọlọ́run kó tó wọ ibẹ̀.

Pọ́ọ̀lù fun fèrè lẹ́yìn, ó yọrí. "Cyprien, ọ̀tún o."

Cyprien wo dígí, ó rí dẹ̀ṣẹfó tó rí kékeré nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́jọ abẹ́ máńgòrò sì padà sí i lọ́kàn. Ó gba òsì. Ó ní, "Ọ̀nà kan kò wọ ọjà."

"Ọjà kọ́ là ń lọ," ni Ìyá Ìbídùn wí.

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, màmá. Ẹ máa wo ohun tí ẹsẹ̀ mẹ́rin ń ṣe."

Wọ́n wò ó. Ọkọ̀ wọ àbàtà gbùà, ó rìn díẹ̀, ó mí, ó sì jókòó. Cyprien tẹ iná mọ́ ọn. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń yí wìrìwìrì, ti iwájú dúró ń wò wọ́n. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ọkọ̀ ń rì, títí ẹrẹ̀ fi ń béèrè ilẹ̀kùn. Cyprien sọ̀ kalẹ̀ kó lè wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàtà òsì wọlẹ̀, kò bá a jáde. Ó tẹ̀ mọ́ ọ̀tún kó lè fa òsì, ọ̀tún náà lọ bá èkejì rẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ oko ẹgbẹ́ ni, ìyẹn oko tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú máa pawọ́ pọ̀ ro, ibẹ̀ sì wà lẹ́bàá àbàtà gan-an. Ọkùnrin nìkan ni iṣẹ́ kàn lọ́jọ́ náà, Jẹ́láàní sì ni olórí wọn. Wọ́n gbọ́ ariwo ọkọ̀, gbogbo wọn fi ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n wá dúró sí etí ẹrẹ̀. Ta ló fẹ́ ro oko ìjọba nígbà tí irú èyí wà láti wò?

"Kámáráàdì Cyprien," ni Jẹ́láàní wí, "ṣé o ti múra fún ìyípadà?"

"Ìjàkadì ń tẹ̀síwájú," ni Cyprien dáhùn nísàlẹ̀ ọ̀fun.

"Mo rí i. Ọkọ̀ nìkan ni kò tẹ̀síwájú."

Wọ́n bá a tì í lẹ́yìn. Táyà da ẹrẹ̀ bò wọ́n, ó da ti Cyprien lé e lórí lọ́tọ̀. Aṣọ funfun di ẹ̀yà mìíràn. Ọkọ̀ kò mira. Jẹ́láàní nu ojú, ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé ilẹ̀ líle kò jìnnà sídìí ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ló ti máa jáde."

Ìyá Ìbídùn yọrí lójú fèrèsé. "Ta ló ní kó padà? Bí táyà yìí bá fi lè yí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tòun ti ìyàwó nínú, ilé bàbá rẹ̀ ló ń lọ yẹn. Ó di àmọ́dún."

"Kí á gbé e sọ̀ kalẹ̀, màmá?"

"Ọwọ́ ọkùnrin wo ló máa gbé e? Èmi ló yẹ kí n pọ̀n ọ́n. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Oòrùn ti ń lọ sí apá Àjàṣẹ́. Cyprien dúró nínú ẹrẹ̀ tó mu ún dé orúnkún, ó ń wo oòrùn, ó ń wo ọkọ̀. Ẹ̀rù wá bà á gidi. Kì í ṣe ẹ̀rù ẹ̀rín mọ́. Ó rò ó pé òun á tún ka oṣù kọ̀ọ̀kan títí ìkórè àmọ́dún, torí ọ̀nà kan tí kò yẹ kóun gbà, torí ọ̀rọ̀ ẹṣin.

Fúnláyọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọkọ̀ láti ìgbà tí bàtà ti lọ. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó na ojú sí fèrèsé, ó rọra pè é.

"Cyprien, mi ò fẹ́ àmọ́dún o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe rí. Cyprien gbé ẹnu rẹ̀ mì. Ó yíjú sí etí àbàtà, níbi tí Pọ́ọ̀lù, tó tẹ̀ lé wọn gba òsì, fi dẹ̀ṣẹfó dúró sí lórí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú ìkòkò àti abọ́, tó ń retí ẹni tó máa pè é.

"Pọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí. Gbogbo wọn sì mọ̀ pé Cyprien ni wọ́n kọ́kọ́ bí. "Ẹṣin rẹ ńkọ́? Ṣé ó lè ràn mí lọ́wọ́?"

Pọ́ọ̀lù wo ẹrẹ̀. "Kò lè wọ inú èyí. Ṣùgbọ́n kò wúwo. Ohun tí kò lè rìn, ṣebí a lè gbé e."

Ó jáde, ó gbé ọ̀pá àsíá oko ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀, ó fi wo bí ẹrẹ̀ ṣe jìn tó, ó sì bọ́ síwájú wọn láti máa fi ọ̀nà hàn. Wọ́n kó ìkòkò sílẹ̀. Ẹni méjì dúró nídìí táyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé dẹ̀ṣẹfó sókè bí ìgbà tí wọ́n bá gbé pósí olówó, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń wọ inú àbàtà lọ. Cyprien ò lè dúró kó máa wò. Ó gba ipò ẹnì kan nídìí táyà iwájú, ó ki èjìká bọ abẹ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tó pè ní ilé adìyẹ.

Jẹ́láàní wà lẹ́yìn rẹ̀. "Cyprien, ó ku ìṣírò kan. Àwa mẹ́jọ ló rù ú, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ẹṣin méjì kọ́ yìí mọ́, ẹṣin mẹ́rin ni."

"Jẹ́láàní, rù ú, dákẹ́."

Wọ́n gbé ọkọ̀ kékeré dé ẹ̀gbẹ́ kátíkátì, ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn, orí méjèèjì kọjú sí Ifangni. Fúnláyọ̀ káṣọ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ láti inú gíga sínú kékeré, ẹrẹ̀ kò rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Ìbídùn ń ké láti iwájú pé, "Iwájú, iwájú, ẹ má padà o." Wọ́n sì gbé ọkọ̀ tòun ti ìyàwó sọdá sí òdìkejì, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Pọ́ọ̀lù wọlé, ó tẹ iná, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Cyprien ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn kóun náà wọlé nígbà tí ohùn kan ti àárín àbàtà wá.

"Ṣé àkèré lẹ fẹ́ fi mí fún ni?"

Ìyá Ìbídùn ṣì wà nínú kátíkátì. Kò lè rìn nínú ẹrẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbé e, ta ló sì máa fi àgbà ilé àna sílẹ̀ nínú àbàtà lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Fúnláyọ̀ kò lè wẹ̀yìn, ó ń wo iwájú gan-an-gan-an, ó ní, "Padà lọ bá wọn. Ìyá rẹ ló máa ṣan ẹsẹ̀ mi. Màá dúró dè ọ́." Pọ́ọ̀lù gbéra. Jẹ́láàní àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sáré tẹ̀ lé ìyàwó pẹ̀lú orin, torí wọ́n ti gbọ́ òórùn ìrẹsì láti Ifangni, tàbí kí n sọ pé wọ́n rò ó.

Ó wá ku Cyprien, ìyá àgbà, àti ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Inú bí i. Ó gorí ọkọ̀, ó ní ìyàwó ti lọ, òun lè padà sẹ́yìn bó ṣe wu òun. Ó tẹ iná, ó já ọ̀pá ńlá sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo ìbínú tó ti ń gbé mì láti àárọ̀. Ọ̀pá náà gbà, ọkọ̀ wọ jíà ẹ̀yìn, ọ̀pá sì dá. Ó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ bí egungun ìtan.

Ìyá Ìbídùn wò ó. "Ó dáa bí sípíà ṣe wà."

Ìyá náà fẹ́ wá àyè fún àpò rẹ̀, ohun tó ń gún un ní ìhà láti Banigbé sì ti sú u. Ó fi gbogbo ara ti ọ̀pá kúkúrú onífìlà pupa. Ó dún kọ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, táyà iwájú méjèèjì, tí wọ́n ti ń wòran láti ọjọ́ tí Cyprien ti ra ọkọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀. Kátíkátì ké, ó gbọn ara, ó sì fi ìdí fò jáde sórí ilẹ̀ líle bí àgbò tí wọ́n tú lókùn.

Ìyá Ìbídùn tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ṣé bó ṣe ń jáde nìyẹn?" ni ìyá àgbà wí. "Kí ló dé tí o ò ti ṣe é láti àárọ̀?"

Cyprien wo ọ̀pá kúkúrú. Ó wo fìlà pupa tó wà lórí rẹ̀. Ó wá yé e ohun tí ọkùnrin tó fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ fẹ́ sọ fún un, ojú sì tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó fọwọ́ kan sípíà bóyá ó lè mú ọkọ̀ lọ síwájú. Kò lè ṣe é. Ọ̀pá ńlá ti kú, jíà ẹ̀yìn nìkan ló fi sílẹ̀ bí ogún. Ibi kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tó ń fi ìdí rìn lè gbé e dé láti ibẹ̀ láìsí wàhálà, ìyẹn Banigbé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Cyprien yí ọrùn sẹ́yìn, ó ń wakọ̀. Ìyá Ìbídùn kọjú sí Ifangni, ó ń juwọ́ sí àwọn tí wọ́n ń kọjá lára wọn.

Ní Banigbé, Ifátóòkí jókòó síwájú ilé pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n ń jẹ ìyókù oúnjẹ. Wọ́n rí kátíkátì tó ń fi ìdí bọ̀. Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ Ifátóòkí. Èèwọ̀ ti bàjẹ́, wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀ padà sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn obìnrin ti gbé ọwọ́ lérí nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, ohun kan tí ẹrẹ̀ bò láti orí dé ẹsẹ̀ jáde, kò wọ bàtà, ó di ọ̀pá irin kan mú.

"Fúnláyọ̀ dà?" ni Ifátóòkí bi í.

"Ó ti lọ Ifangni, bàbá. Kò padà sẹ́yìn, kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀." Cyprien tẹ orí ba. "Dẹ̀ṣẹfó ló gbé e."

"Ìwọ ńkọ́?"

Cyprien wá èsì títí. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọ́n ọn. "Èmi ni mo wá síbí."

Ifátóòkí wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò wọ bàtà. Ó gbójú sókè wo oòrùn, ó rí i pé ó kù díẹ̀ kó wọ̀. Ó wá yí sí àwọn obìnrin ilé, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ bu omi wá kíá. A kì í jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá ẹsẹ̀ ìyàwó."

Wọ́n bu omi sínú igbá. Cyprien fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Ìbídùn di èjìká rẹ̀ mú, ó ní kó na ẹsẹ̀. Wọ́n fi omi ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Ifátóòkí, ọ̀tún àti òsì, wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n ṣàdúrà ọmọ fún un. Nítorí pé aṣọ rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, wọ́n fún un ní aṣọ ìró kan kó ró. Òdòdó ló wà lára rẹ̀. Ifátóòkí fúnra rẹ̀ ló mú un jókòó sórí ẹní.

Orí ẹní yẹn ni Pọ́ọ̀lù bá a nígbà tó gba ọ̀nà ńlá padà wá, torí àwọn tó rí kátíkátì lọ́nà ti sọ ibi tó wà fún un. Ó ní oòrùn kò tíì wọ̀ tí wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀ Fúnláyọ̀, ó ní ó jókòó, ó ń béèrè ọkọ rẹ̀. Ó wo ìró olódòdó, ó wo ẹsẹ̀ tó mọ́ tónítóní, ó gbé ojú kúrò. Katikíìsì ni, kò fẹ́ fi ẹ̀rín dẹ́ṣẹ̀. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn dẹ̀ṣẹfó fún un.

Cyprien dìde. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un títí dé ìdí ọkọ̀, ó sì rìn lórí rẹ̀, torí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó wọ inú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó jókòó síbi tó ti ń jókòó láti kékeré. Orúnkún rẹ̀ kan orúnkún Pọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó wá wù ú gan-an kó yíjú wo kátíkátì rẹ̀ tó dúró níta, ẹrẹ̀ bò ó dé fèrèsé, fìlà pupa nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbídùn fọwọ́ lé ojú fèrèsé tó ń ká sókè.

"Má wẹ̀yìn o," ni ó wí. "Ìyàwó ilé wa kì í wẹ̀yìn."

Cyprien gbé ojú síwájú.